Ìṣẹ́jú Márùn-ún Nídìí Pátákó Kìíní

Mọ̀múdù kì í ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni. Òun ló máa ń kó ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kà tán padà sórí pẹpẹ, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà nìyí. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá kí i, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni tó ń dúró bóyá ìkíni náà ṣì kù.

Ìwé ló fi kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, ayò orí pátákó tí wọ́n ti ń pa ọba. Ní ọdún kẹta tó dé ibẹ̀, wọ́n ní kó lọ dáná sun àwọn ìwé tí ikán ti jẹ. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò ní èèpo mọ́. Àwòrán pátákó aláwọ̀ dúdú àti funfun ló kún inú rẹ̀. Mọ̀múdù yọ ọ́ sọ́tọ̀. Oṣù mẹ́fà ló fi kà á. Ó gé páálí, ó fi ṣe ọba, ó fi ṣe ayaba, ó fi ṣe ẹṣin, ó fi ṣe ilé-ìṣọ́, ó ń bá ara rẹ̀ ta á lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Rokibat ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní àdúgbò Ṣàngó, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Bàbá Raudah, ọba tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan, ọba wo nìyẹn? Ṣé làkúrègbé ń dà á láàmú ni?"

"Ọba ni. Kì í ṣe ọlọ́kadà."

"Ìyàwó rẹ̀ sì ń sáré káàkiri gbogbo pátákó. Ẹ ò rí i pé obìnrin náà ló ń ṣiṣẹ́ nílé ọ̀hún?"

Mọ̀múdù tún ọba páálí rẹ̀ gbé sáyè rẹ̀.

Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ kan bá a nídìí páálí rẹ̀, ó jókòó tì í. Èkejì dé. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìkàwé yọ̀ǹda yàrá kékeré kan lẹ́yìn fún wọn, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Tábìlì mẹ́rin, fèrèsé kan, àti fáànù kan tí kì í yí àfi bí ẹnì kan bá fi igi tì í. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mọ̀múdù ti ń ṣe kóòṣì níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fún un ní ìwé oyè náà. Àwọn ọmọ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ sì mọ́ ọn lára.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ìwé wá láti ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn nílò yàrá náà fún ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Mọ̀múdù lọ bá ọ̀gá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó ní kó wọlé. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn búburú.

"Ọ̀gbẹ́ni Mọ̀múdù, ọdún mélòó lẹ ti ń ta nǹkan yìí?"

"Mọ́kàndínlógún, sà."

"Ẹ ò sì lọ sí ìdíje gbogbo Nàìjíríà rí?"

"A ò lọ rí, sà. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ti Ìlọrin lọ. Àwọn ará òdìkejì ìlú ló máa ń borí wa."

Ọ̀gá fi bírò kan tábìlì. "Ó dáa. Ẹ lọ na àwọn ará òdìkejì ìlú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lọ lọ́dún yìí, màá ní kí wọ́n wá ibòmíràn gbé ẹ̀rọ wọn sí. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ yọ tábìlì yín."

"Ẹ ṣé, sà."

Àwọn ará òdìkejì ìlú ni yunifásítì kejì. Wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ní bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní Fọláránmi. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Fọláránmi, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó ti wà lọ́dún àṣekágbá. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò borí rẹ̀ rí nínú ìdíje ìlú. Kì í pariwo. Wọ́n ní bó bá fẹ́ pa ayaba rẹ, yóò kọ́kọ́ ní "ẹ jọ̀ọ́."

Mọ̀múdù ní Huda. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kàndínlógún ni, ọmọ àdúgbò Pàkàtà, ó ń kọ́ ìṣirò. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Àáfà Gàní, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú àgbàlá wọn, ló tọ́ ọ dàgbà. Huda ní orí pípé. Mọ̀múdù kò tíì kọ́ ẹni tó tó o. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́: aago.

Aago olójú méjì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Olúkúlùkù ní wákàtí kan tirẹ̀. Bí o bá ta tìrẹ tán, o ó tẹ orí aago, tìrẹ yóò dúró, ti ẹnì kejì yóò sì máa lọ. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ti pàdánù nìyẹn, kódà kó ku títa kan ṣoṣo kó pa ọba. Huda a máa wo aago ju pátákó lọ. Bó bá ti rí i pé àkókò ń sá, á kánjú gbé ohun tí kò yẹ kó gbé.

Odindi sáà kan ni Mọ̀múdù fi tọ́ ọ sọ́nà lórí èyí.

"Aago kọ́ lò ń bá ta. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, gbàgbé rẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kó o máa wo pátákó nìkan títí ẹnì kejì á fi ta tirẹ̀."

Ó gbé páálí ìwé sáàárín Huda àti aago kó má baà lè wò ó. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé páálí kúrò. Huda kò wò ó mọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa parí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó wá ku Àáfà. Ìdíje gbogbo Nàìjíríà yóò gba ọjọ́ mẹ́fà ní ìlú mìíràn, Àáfà Gàní kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Mọ̀múdù lọ bá a ní Pàkàtà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ayò ni?" Àáfà bi í.

"Ó jọ ayò, Àáfà. Kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀."

"Kí ni ẹni tó bá borí ń rí jẹ?"

"Kò rí nǹkan kan jẹ."

"Ẹni tó bá pàdánù ńkọ́?"

"Òun náà kò rí nǹkan kan jẹ."

Àáfà rẹ́rìn-ín tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi mì. "Ìwọ Mọ̀múdù. Gbogbo ayé ń wá ohun tí wọ́n á jẹ, ìwọ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí kò sí jíjẹ níbẹ̀."

"Ẹ wá fi ojú ara yín rí i, Àáfà. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alaásárì. Bí ohun tí ẹ bá rí kò bá wù yín, n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

"In ṣá Allah."

Gbọ̀ngàn kan nítòsí Pósí-Ọ́fíìsì ni wọ́n lò lọ́jọ́ náà, kó má baà jẹ́ ilé ẹnikẹ́ni. Ariwo kẹ̀kẹ́ ń wọlé láti títì. Pátákó mẹ́rin wà nílẹ̀. Bí àwọn ọmọ Mọ̀múdù ṣe ń wọlé ni àwọn tòdìkejì ti gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin ará yàrá ìwé ìròyìn, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ikán ò tíì jẹ ayaba yín?"

Ahmad, tí yóò ta pátákó kejì, dáhùn. "Kò jẹ tiwa. Tiyín ló ń bọ̀ wá jẹ."

Fọláránmi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Mọ̀múdù, ó ní, "Ẹ káàsán, Kóòṣì." Ó yíjú sí Huda. "Àbúrò, wọ́n ní ẹ̀rù aago máa ń bà ọ́."

"Ó ti lọ, bọ̀dá. Ẹ̀yin ẹ wá jókòó ná."

Àǹtí Ọlábísí, olùkọ́ jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣàngó, ni adájọ́. Ó dúró láàárín, ó ka òfin sókè, bó ṣe máa ń kà á lọ́dọọdún.

"Ẹ má bá ẹni tó ń ta sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣẹ́jú sí i. Ẹ má wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan nínú wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pàdánù. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti tẹ aago rẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti aago nìyẹn. Èmi gan-an ò ní sọ fún un."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ahmad borí. Pátákó kẹta lọ fún àwọn tòdìkejì. Pátákó kẹrin parí sí ọ̀mì. Ó wá ku pátákó kìíní, Huda àti Fọláránmi nìkan; ẹni tó bá borí níbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa lọ. Gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wọn, níbi tí Ọlábísí fi tépù fà sílẹ̀. Mọ̀múdù nìkan ló jókòó, orúnkún rẹ̀ kò gbà á láti dúró pẹ́. Ààyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù fún Huda. Mẹ́sàn-án ló kù fún Fọláránmi. Ṣùgbọ́n lórí pátákó, ọ̀rọ̀ ti yí. Huda ti fi ilé-ìṣọ́ kan tọrẹ ní àkókò tí ẹnikẹ́ni ò retí, ọba Fọláránmi sì ti há sí igun. Mọ̀múdù wò ó, ó kà á lọ́kàn. Bí Huda bá gbé ẹṣin báyìí, títa ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló kù kó pa ọba. Kò sí ibi tí ọba náà lè gbà.

Huda gbé ẹṣin.

Ó gbé e sí ibi tó yẹ, ó yọ ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ọwọ́ náà ń lọ sí aago. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Àsàláámù àlékùm."

Àáfà Gàní ni, láwàní funfun lórí, bàtà lọ́wọ́. Ní Pàkàtà, kò sí ọmọ tó ń jókòó nígbà tí Àáfà bá wọlé. Huda dìde. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Jókòó, jókòó."

Ọlábísí la ẹnu, ó tún pa á dé. Ta ni yóò sọ fún ọmọ pé kó má kí bàbá rẹ̀?

Huda jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó tẹjú mọ́ pátákó.

Aago rẹ̀ ń lọ.

Mọ̀múdù rí i. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá àádọ́ta. Mẹ́rin àti mọ́kàndínláàádọ́ta. Ti Fọláránmi dúró gbagidi lórí mẹ́sàn-án.

Fọláránmi kò tíì mọ̀. Òun ti rí ohun tí ẹṣin náà ṣe fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọba rẹ̀ láti dà á dùbúlẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n bá gbà pé ó ti tán. Ìka rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ kan orí ọba nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí aago. Ọwọ́ náà dúró. Ó fà á padà díẹ̀díẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ tábìlì.

Àáfà ti jókòó ti Mọ̀múdù. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èwo ni tiwa?"

"Funfun."

"Kí ló dé tí wọn ò ṣe nǹkan kan?"

"Wọ́n ń ronú, Àáfà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìrònú dáa."

Mẹ́rin. Huda kò mira. Ó mọ̀ pé ọ̀ràn ti há fún Fọláránmi, ó sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló ní. Kò yà á lẹ́nu pé ó ń pẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, ó ń ka bí yóò ṣe pa á. Ó ń ṣe ohun gbogbo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ahmad wá sí ẹ̀gbẹ́ Mọ̀múdù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ọ̀fun, ó ń wo ojú Mọ̀múdù bí ẹni tó ń tọrọ ààyè. Ikọ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ wú. Mọ̀múdù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ahmad gbìyànjú láti já a gbà, Mọ̀múdù dì í mú le sí i.

Mẹ́ta. Ọlábísí kẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo títì láti ojú fèrèsé.

Gbogbo gbọ̀ngàn ti mọ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kódà àwọn tòdìkejì. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ bojú. Fọláránmi gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan. Ojú òun àti Mọ̀múdù ṣe mẹ́rin. Mọ̀múdù kò mọ ohun tí ojú òun sọ. Ó mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ bẹ ọmọ náà, kódà pẹ̀lú ojú, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Nígbà tó tún gbójú sókè, Fọláránmi ń wo pátákó bí ẹni tó rí nǹkan níbẹ̀.

Méjì. Àga Àáfà dún. Ó ti gbé ìdí sókè díẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú bí ẹni tó fẹ́ dìde. Mọ̀múdù wo aago. Bí Àáfà bá dìde láti lọ, Huda yóò dìde, yóò kúnlẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀, orí rẹ̀ yóò dọ́gba pẹ̀lú aago. Kì í ṣe Mọ̀múdù ló ní kó dìde. Kò sí ẹni tó ní kó dìde. Kò sí òfin tó ní kí arúgbó má lọ sílé.

Àáfà tún agbádá rẹ̀ ṣe lábẹ́ ìdí, ó jókòó padà, ó fa tẹ̀sùbáà yọ.

"Àga yìí le," ó ní.

"Ó le, Àáfà," ni Mọ̀múdù dáhùn.

Ọ̀kan. Ààbọ̀. Huda rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rí ẹ̀ẹ̀mẹta náà tán pátápátá.

Aago ké.

Ọlábísí yíjú padà. "Àkókò ti tán," ó ní. Ó tún un sọ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Huda gbé orí sókè, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí Fọláránmi láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó borí ti máa ń ṣe. Fọláránmi gbà á, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Ìgbà náà ni Huda tó wo aago. Ó wò ó pẹ́. Ó na ìka, ó tẹ apá tirẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì lè dúró.

Àwọn tòdìkejì pariwo, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Fọláránmi buwọ́ lùwé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, kò dúró kí wọ́n gbé e.

Àáfà yíjú sí Mọ̀múdù. "Ó ti parí?"

"Ó ti parí, Àáfà."

"Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ṣe dáadáa?"

"Ó ṣe dáadáa. N kò rí ẹni tó ta á báyìí rí."

Inú Àáfà dùn. Ó di Mọ̀múdù lọ́wọ́ mú. "Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí pátákó yẹn kò yé mi. Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo rí i pé ọmọ yìí fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo ayé. Yunifásítì kò bà á jẹ́. Ìbẹ̀rù mi nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ máa mú un lọ sí ibi tí ẹ ní ẹ ń lọ. Ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́wàá, mo fọwọ́ sí i."

Mọ̀múdù ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣeé sọ fún arúgbó tínú rẹ̀ dùn.

"A dúpẹ́, Àáfà," ó ní.

Wọ́n bá Àáfà wá kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Mọ̀múdù padà wọlé, Huda ṣì wà nídìí tábìlì, ó ń to àwọn ọmọ ayò náà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀. Kò sunkún.

"Kóòṣì."

"Huda."

"Ṣé ẹ rí i?"

Mọ̀múdù fa àga kan, ó jókòó. "Mo rí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Huda to ọmọ ayò méjì sí i. "Bàbá kò sì mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ó ní kó o máa lọ. Ó fọwọ́ sí i."

Huda dé àpótí náà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un," ó sì jáde lọ bá àwọn yòókù.

Ọjọ́ Túsìdé, ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì dé ẹ̀yìn ilé-ìkàwé. Mọ̀múdù ti yọ tábìlì mẹ́rin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ náà wúwo, ẹnu ọ̀nà kò sì fẹ̀. Wọ́n tì í títí, kò wọlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ọ̀kan nínú wọn ní, "ẹ bá wa di apá ibí yìí mú."

Mọ̀múdù ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó dì í mú. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ó wọlé.